Kétu Ni Wọ́n Ní Kí N Kọ

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ohun tí màmá àgbà kan fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ nìyẹn, lóṣù kẹta ọdún 2006. Mo ti kúnlẹ̀ kí i tán. Fọ́ọ̀mù wà lábẹ́ abíyá mi, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ mi, báàjì tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn sì ń jù fìrì-fìrì nínú atẹ́gùn àárọ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà yẹn, wọ́n sì gba àwa olùkọ́ díẹ̀ láti ṣe akànìyàn fún ìjọba. Wọ́n ti kọ́ wa ní bí a ó ṣe béèrè ọjọ́ orí, ní bí a ó ṣe béèrè omi àti ilé ìgbẹ́. Wọn kò kọ́ wa ní ohun tí a ó sọ fún ẹni tó bá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ìjọba ló rán mi."

Wọ́n ní, "Ìjọba tó ń gba owó orí nígbà kan rí náà kọ́ ni?"

Kì í ṣe àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Lójú ẹni tó ti dàgbà kí Nàìjíríà tó gbòmìnira, ẹni tó bá wá ka orí, owó ló ń bọ̀ wá gbà lórí orí náà. Bàbá wọn ti sá wọgbó rí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún mi, nítorí àkódà tó ń wá àwọn tí kò san owó orí. Mo ṣàlàyé títí pé kò sí owó nínú rẹ̀, pé ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti omi ni wọ́n fẹ́ fi ètò rẹ̀ ṣe. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ka ẹ̀kọ́ tí kò tíì yé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n máa kọ.

Wọn kò sọ iye. Orúkọ ni wọ́n ń pè, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ẹ̀kẹta, mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ. Mo ní àwọn tó sùn sínú ilé mọ́jú nìkan ni à ń kọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn tó ti lọ náà ṣì ń sùn síbí." N kò mọ ohun tí mo lè fèsì. Mo kọ àwọn alààyè, mo sì jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ àwọn tó kù tán.

Nígbà tí mo dìde, wọ́n béèrè pé, "O kọ ọ́ pé Kétu ni wá, àbí?"

Mo ní kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù.

"Kí wá ni ẹ ń kà?"

Ọdún tó ti kọjá lé ìbéèrè yẹn kì í ṣe kékeré, n kò sì tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a wà fún ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ìmẹ̀kọ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, létí ààlà. Ará Kétu ni wá, ṣùgbọ́n Kétu fúnra rẹ̀, níbi tí Alákétu, ọba Kétu, wà, ó wà lódìkejì, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ilẹ̀ ọ̀kan yóò parí sí tí ti èkejì yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìlà tí wọ́n fà sì la ìdílé wa sí méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ́kọ sí Kétu. Àwọn ọmọ wọn ń sọ Faransé níléèwé, àwa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí a bá pàdé níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, èdè ìyá wa kan náà la fi ń bú ara wa. Àwọn mìíràn sì wà láàárín wa: Ọ̀họ̀rí, Ègùn, Fúlàní tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ wa, àwọn tó wá roko láti ọ̀nà jíjìn.

Ní àwọn ọjọ́ ìkànìyàn 2006 náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ilé tí mo wọ̀ tí wọn kò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Wọ́n á ní, "Kọ ọ́ pé Ọ̀họ̀rí ni wá o." Darandaran kan tó ń sọ Kétu ju ọmọ tèmi lọ ní kí n rí i dájú pé mo kọ Fúlàní, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé kò sí irú òun níbí. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, mo mú ìwé àjákọ kan tí mo fi ń kọ ètò ẹ̀kọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sínú rẹ̀, ìlà kan fún ilé kan, lábẹ́ ohun tí wọ́n pe ara wọn. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí a ti búra pé a kò ní tú àṣírí ilé onílé. Ìlà lásán ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé ìlà tó wà lábẹ́ "Yorùbá" kò ju ẹyọ kan lọ. Olùkọ́ kan tó wá láti Ìbàdàn ló sọ ọ́. Gbogbo àwọn yòókù, Kétu, Ọ̀họ̀rí, Ègùn tàbí Fúlàní ni wọ́n pe ara wọn.

Kí ló dé tí ìjọba kò fi béèrè? Ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ tìdítìdí, nítorí apá tó kan àwa náà wà nínú rẹ̀.

Ìjọba amúnisìn ló ka orí ní 1952 sí 1953. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Àríwá, wọ́n bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì parí rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn. Wọ́n béèrè ẹ̀yà nígbà yẹn. Háúsá àti Ìgbò jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 àbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, Yorùbá lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 5, Fúlàní jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3. Àwọn ènìyàn sá fún ìkànìyàn yẹn nítorí owó orí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí iye wọn kéré sí bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ fi hàn pé Àríwá nìkan ju ìdajì orílẹ̀-èdè lọ. Nígbà tí ìbò 1959 dé, nínú ìjókòó 312 tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, 174 jẹ́ ti Àríwá, 73 ti Ìlà-Oòrùn, 62 ti Ìwọ̀-Oòrùn, 3 ti Èkó. Ó wá yé gbogbo olóṣèlú pé kì í ṣe owó orí ni ìkànìyàn ń mú bọ̀ mọ́. Àga ni. Àwọn tó ń fi ọmọ pa mọ́ sínú igbó tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kún ọmọ.

Wọ́n kà ní 1962, èsì rẹ̀ dàrú, wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún kà lóṣù kọkànlá 1963, wọ́n ní a jẹ́ mílíọ̀nù 55.67. Michael Okpara, olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn, kọ̀ ọ́ jálẹ̀, ìjọba rẹ̀ sì gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1964. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lábẹ́ àṣẹ àwọn. Báyìí ni èsì 1963 ṣe dúró, òun sì ni ìkànìyàn ìkẹyìn tí wọ́n tẹ iye ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jáde nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Háúsá jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 11.65, Yorùbá mílíọ̀nù 11.3, Ìgbò mílíọ̀nù 9.2.

Ẹ dúró lórí iye tiwa yẹn díẹ̀. Láti mílíọ̀nù 5 àti díẹ̀ sí mílíọ̀nù 11.3, láàárín ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá! Kí ẹ̀yà kan tó pọ̀ báyẹn, ó gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dọọdún. Nàìjíríà òde òní, tí gbogbo ayé ń sọ pé ó ń bímọ yanturu, kò fi ìdá 3 lé sí i lọ́dún. Àní bí a bá fi àwọn tó sá fún owó orí ní 1952 kún un, ìṣirò náà kò bára mu. Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n máa ń sọ pé Àríwá ló ń purọ́ orí. Mo máa ń gbé ìṣirò yìí síwájú wọn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí ènìyàn mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n irọ́ 1963 kò ní apá kan. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gba èsì náà wọlé. Nígbà tí wọ́n wá kà ní 1973, tí èsì àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti dín láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.5 sí 8.9, ìgbà yẹn ni ariwo tiwa sọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀ ọ́ pátápátá, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́: kò sí ogun, kò sí àjàkálẹ̀ àrùn ní Ìwọ̀-Oòrùn tó lè gbé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lọ. Murtala Mohammed, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, fagi lé ìkànìyàn náà ní 1975. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé bí a bá ti ké bẹ́ẹ̀ nígbà tí iye tiwa wú ní 1963, ọ̀rọ̀ wa ì bá wúwo jù báyẹn lọ.

Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ àwọn ológun rọ. Nígbà tí ìkànìyàn mìíràn yóò fi wáyé, ní oṣù kọkànlá 1991, wọ́n yọ ìbéèrè ẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn kúrò. Wọ́n ní òun ló ń dá ìjà sílẹ̀. Mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n mo rántí pé wọ́n ti ààlà wa pa, pé bàbá mi kò lè kọjá lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 89, nígbà tí àwọn onímọ̀ ti ń retí kí ó kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dáadáa. Ti 2006 tí èmi náà kópa nínú rẹ̀ kò béèrè ẹ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ẹ̀sìn.

Ṣé ìjà wá tán? Kò tán rárá. Èsì 2006 ní Kánò jẹ́ 9,401,288, Èkó jẹ́ 9,113,605. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe kíkà tirẹ̀ lákòókò kan náà, ó ní òun rí ju mílíọ̀nù 17 lọ. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìkànìyàn padà fagi lé èsì ìjọba ìbílẹ̀ 14 ní Èkó lẹ́yìn ọdún bíi méje. Ẹ wò ó: wọn kò béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹyọ ènìyàn kan, síbẹ̀ ìjà náà ni ìjà tó wà ní 1963. Ohun tó ń fà á kò kúrò níbi tó wà. Iye ènìyàn ṣì wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àpapọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń pín ìjókòó ilé aṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ wú iye ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò nílò ìbéèrè ẹ̀yà láti ṣe é. A gé ẹ̀ka, a fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Lódìkejì ìlà tó la ìdílé wa, wọ́n béèrè. Ní 2013, nígbà tí Benin ka àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n sì rí 10,008,749, akànìyàn kan wọ ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kétu. Wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún mi ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo lọ kí wọn lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ wọn. Ọmọkùnrin náà bi wọ́n léèrè ẹ̀yà, wọ́n ní Kétu. Ó ní òun yóò kọ Nàgó, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ Yorùbá lódìkejì. Wọ́n ní, "Nàgó ni ìwé yín ń jẹ́. Kétu ni mo ń jẹ́." Ọmọ náà bẹ̀ wọ́n, ó ní ohun tó wà nínú ìwé òun nìyẹn. Wọ́n jẹ́ kí ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn sí i, kódà lẹ́yìn ọdún kan.

Èsì Benin ní Yorùbá àti àwọn tó bá wọn tan jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Fọ̀n àti àwọn tirẹ̀ jẹ́ 38.4, Ajá jẹ́ 15.1. Ìdá 12 yẹn tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ìdílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nínú rẹ̀. Nàgó wà níbẹ̀, Ọ̀họ̀rí wà níbẹ̀, Ìdáàṣà wà níbẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Agbọ̀n kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Ègùn, ẹ̀wẹ̀, wà nínú agbọ̀n Fọ̀n. Ẹni tó bá hun agbọ̀n ló ń pinnu ohun tó gbà. Ọ̀họ̀rí tó wà nínú ìwé mi ní Ìmẹ̀kọ kò pe ara rẹ̀ ní Yorùbá. Tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn wákàtí díẹ̀ kọjá ààlà, ìwé Benin á pè é bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn pé wọ́n béèrè ní Benin. N kò fẹ́ràn pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Níhìn-ín, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè, olúkúlùkù ń hun agbọ̀n tirẹ̀. Mo máa ń rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì: wọ́n á ro iye ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù pọ̀, Èkìtì, Èkó, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, wọ́n á rí 27,722,432 ní 2006, wọ́n á ní iye Yorùbá nìyẹn. Ta ló fún wọn láṣẹ? Wọ́n ti kó gbogbo Ìgbò, Háúsá, Ìjọ̀ àti Ẹ̀dó tó ń gbé Èkó mọ́ wa. Wọ́n ti kó ìyá mi mọ́ wa, ọmọ Ègùn láti Àgbádárìgì, tó ń kọrin Ègùn bó bá ń yan gàrí títí di òní. Wọ́n sì ti fi ará Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ìgbómìnà àti Òkun ní Kwara àti Kogí sílẹ̀ síta. Irú iye bẹ́ẹ̀ kò sọ ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, òun ló sì jẹ́ kí n máa kọ èyí. Àjọ tó ń ka orí wa yìí náà ni ó máa ń ṣe ìwádìí nípa ìbímọ àti ìlera ìyá àti ọmọ ní ọdún bíi márùn-ún síra wọn. Ní 2018, nǹkan bí ilé 42,000 ni wọ́n yàn fún un kárí Nàìjíríà. Nínú ìwádìí yẹn, wọ́n máa ń béèrè ẹ̀yà. Obìnrin á dáhùn, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì sí gómìnà tó ń gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Àjọ kan náà, ìbéèrè kan náà, ènìyàn kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí kọ́bọ̀ àti àga lẹ́yìn ìdáhùn yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé ẹnu Nàìjíríà kò lè gba ìbéèrè ẹ̀yà láìjà, mo máa ń ní ó ti ń gbà á tipẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé tèmi ni, màá dá ìbéèrè náà padà. Màá ní kí akànìyàn kọ ohun tí onílé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ìbáà jẹ́ Kétu, ìbáà jẹ́ Àwórì, kí ó má ṣe tú u sí nǹkan mìíràn. Màá jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ sọ méjì sọ méjì, nítorí èmi fúnra mi, bí wọ́n bá bi mí lónìí, Kétu àti Ègùn ni màá sọ, n kò sì ní yọ ìyá mi sílẹ̀ nítorí kí ìlà kan lè tọ́. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, màá ní kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn tí wọ́n á fi máa pín owó, kí ìlú má baà máa jèrè nípa wíwú orí. Èyí tó le jù nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn tó wà nídìí àga kò ní fẹ́ gbọ́ ọ.

Wọ́n ní a ó kà lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2023. Wọ́n kọ́kọ́ dá oṣù kẹta, wọ́n sún un sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, nígbà tó sì ku ọjọ́ díẹ̀, Ààrẹ Buhari ní kí wọ́n sún un síwájú fún ìjọba tó ń bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti wá kọ nọ́mbà sára ògiri ilé wa ní Ìmẹ̀kọ ṣáájú ìgbà yẹn. Òjò ti fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ku òǹkà méjì tí ojú lè rí.

Mo ṣì ní ìwé àjákọ yẹn. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní àná, mo ṣí i láti lè kọ èyí, mo sì tún rí àwọn ìlà náà: Ọ̀họ̀rí, Ègùn, Fúlàní, Yorùbá ẹyọ kan. Màmá àgbà tó béèrè ohun tí à ń kà lọ́wọ́ mi ti darapọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ní wọ́n ṣì ń sùn sínú ilé náà. Ìlà àkọ́kọ́ tó wà lábẹ́ Kétu, tiwọn ni.